Kámẹ́rà Múyìíbátù àti Igbó Kí-Ni-Mo-Jẹ́

Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mo ti ya fọ́tò afẹ́fẹ́ rí. Mo gbé kámẹ́rà sójú, mo ní, "Ìwọ afẹ́fẹ́, dúró síbẹ̀!" Afẹ́fẹ́ dúró. Ó ní, "Ọdẹ́jìnmí, jọ̀wọ́, fún mi láàyè kí n kọ́kọ́ ya irun mi, nítorí ìyàwó mi yóò rí fọ́tò yìí." Mo fún un láàyè. Ìdí rèé tí ewé kankan ò fi mì nílùú wa fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko lọ́dún náà. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ béèrè lọ́wọ́ ewé.

Ẹ fà mọ́ra, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá ní iṣu lórí iná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí ìtàn yìí ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ọjọ́ tí tíṣà sì béèrè ẹni tó kun ajá òun ní ẹfun ni mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ibi tí gègé ìkọ̀wé mi ti gbọ̀n, ẹ má bínú, ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Ní Òkè-Ìgbín, ìlú wa, a kì í fi ẹnu lásán jẹ Olúọdẹ. Láyé àwọn baba wa, ẹni tó bá fẹ́ dé fìlà Olúọdẹ yóò wọ Igbó Kí-ni-mo-jẹ́ ní òun nìkan fún ọjọ́ méje, yóò sì gé ìrù ohun tó bá pàdé wálé. Ìrù ni ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba ka ẹran pípa léèwọ̀ nínú igbó náà, àwọn àgbà ọdẹ jókòó, wọ́n ní kò burú, bí a ò bá lè mú ìrù wálé mọ́, ká máa mú àwòrán wálé. Wọ́n sì fi òfin kan tì í: ẹni tí a bá ká irọ́ mọ́ lẹ́nu yóò fi ìbọn rẹ̀ lélẹ̀, yóò sì máa gbé àpò Olúọdẹ tẹ̀lé e kiri fún odidi ọdún kan.

Àwa méjì la jọ ń du fìlà náà. Èkíní ni Ọdẹ́gbàmí, ọkùnrin kan báyìí tí kì í sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ lóòjọ́. Èkejì ni èmi, tí mo ń sọ gbólóhùn mẹ́ta nígbà tí mo bá ń sín. Ọdẹ́gbàmí ló kọ́kọ́ lọ. Nígbà tó dé, ẹyọ àwòrán kan ṣoṣo ló mú bọ̀: ojú ẹsẹ̀ ẹfọ̀n nínú ẹrẹ̀. Ojú ẹsẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹni tó lọ kí ẹfọ̀n nílé, tó jẹ́ pé bàtà ẹfọ̀n ló bá lẹ́nu ọ̀nà! Mo mọ̀ pé fìlà ti di tèmi.

Mo wá lọ yá kámẹ́rà lọ́wọ́ Múyìíbátù, ọmọbìnrin tó ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ilé ìwé. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì gbé ẹ̀rọ náà lé mi lọ́wọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń gbé ọmọ tuntun fún ọkùnrin.

"Bàbá Ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, òun ni mo fi ń jẹun o. Ẹ má yí nǹkan kan lára rẹ̀. Mo ti yí i síbi tó ti ń fúnra rẹ̀ mọ ohun tó ń wò."

"Ó ń mọ ohun tó ń wò? Láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ kọjú rẹ̀ sí nǹkan, ẹ tẹ bọ́tìnnì yìí dé ìdajì, ẹ mú ọwọ́ dúró díẹ̀. Àmì kan á yọ ní igun ibí yìí. Bó bá jẹ́ ojú ènìyàn ni, ẹ óò rí orí. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ gbalasa, ẹ óò rí òkè. Òdòdó ni fún ohun kékeré tí ẹ sún mọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá fún ẹranko, àwo fún oúnjẹ. Bó bá sì jẹ́ ohun tí kò dúró lójú kan ni, ẹni tó ń sáré lẹ óò rí. Bó bá ti mọ̀ ọ́n báyìí, fúnra rẹ̀ ni yóò tún ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀ ṣe. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ dópin. Ó parí."

"Ṣé ó mọ èmi náà?"

Ó kọjú rẹ̀ sí mi. Àmì orí yọ. "Ó mọ̀ yín, Bàbá Ọdẹ. Ó ní ènìyàn ni yín."

Inú mi dùn kọjá ààlà, nítorí ìyá ìyàwó mi ti ń jiyàn ọ̀rọ̀ yẹn láti ogún ọdún sẹ́yìn.

Mo lọ. Ní ọjọ́ kẹjọ, ní ọ̀sán gangan, gbogbo ọdẹ Òkè-Ìgbín péjọ sábẹ́ igi odán. Bàbá Ògúnmọ́dẹdé, tó dàgbà jù láàárín wa, jókòó, ó gbé fìlà Olúọdẹ lé orúnkún. Ọdẹ́gbàmí jókòó sórí gbòǹgbò, ó gbé àpò rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Èmi bọ́ síwájú, kámẹ́rà kọ́ mi lọ́rùn, ìbọn wà léjìká, mo sì sọ fún wọn báyìí pé:

Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ mọ̀ pé àwa kì í dojú ìbọn kọ ẹran láìkọ́kọ́ fi oríkì rẹ̀ kí i. Níhìn-ín, àṣà lásán ni. Nínú Igbó Kí-ni-mo-jẹ́, ìyè àti ikú ni. Ohun gbogbo tí o bá pàdé níbẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni yóò bi ọ́: "Kí ni mo jẹ́?" O gbọ́dọ̀ fi oríkì tirẹ̀ gan-an kí i. Bí o bá fi oríkì ẹlòmíràn kí i, ìwọ alára lo máa di ohun tí o pè é. Lẹ́nu àbáwọlé pàápàá, mo rí ọdẹ kan tó pe kùkùté ní ìgalà. Òun ló di ìgalà. Ó ń jẹko lẹ́bàá ọ̀nà, fìlà rẹ̀ ṣì wà lórí ìwo, ó ń wò mí tìtìjú-tìtìjú.

Bí ẹsẹ̀ mi ṣe kan ilẹ̀ igbó náà, ìrókò méje wó lulẹ̀ fún ẹ̀rù. Mo ní kí wọ́n dìde, pé àwọn kọ́ ni mo bá wá.

Ohun tó kọ́kọ́ dí mi lọ́nà jẹ́ ohun ńlá funfun kan. Ó funfun ju òwú lọ, ó rí roboto, ó ń dán, èéfín ń rú lórí rẹ̀ láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Odò pupa kan yí ìdí rẹ̀ ká, àwọn àpáta dúdú sì yọrí nínú odò náà. "Kí ni mo jẹ́?" ó bú ramúramù. Ojú mi ní ìkùukùu ni. Etí mi ní erin ni. Imú mi ní… ẹ jẹ́ ká fi ti imú sílẹ̀. Mo gbé kámẹ́rà sójú, mo tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, mo mú ọwọ́ dúró. Àmì òkè yọ! Kíá ni mo gbóhùn sókè:

Òkè, ọmọ adúró-má-rẹ̀ẹ́,
Òjò pa ọ́, o ò sá wọlé,
Oòrùn pa ọ́, o ò béèrè òjìji,
Arínúróde tí kì í ṣòfófó ẹni tó gun un lórí.

Òkè náà gbọ́ oríkì rẹ̀, ara rẹ̀ rọ̀. Mo ki ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ ọ́, mo sì ń là á kọjá díẹ̀díẹ̀. Kí oòrùn tó yí, gbogbo òkè náà ti tán, odò náà sì ti gbẹ.

"Òkè kì í tán," Ọdẹ́gbàmí wí. Gbólóhùn kìíní nìyẹn.

"Tìrẹ ni kì í tán," mo dá a lóhùn. "Èmi lágbára."

Láti ibẹ̀ mo rin ìrìn ọdún méjì láàárín ọjọ́ kan, mo sì dé ìkóríta kan tí bàbá arúgbó kan wà. Irùngbọ̀n rẹ̀ kan àyà, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń jẹnu láìsinmi, èyí tó ti jẹ lánàá ló tún ń jẹ lónìí. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni pé mo jí nǹkan rẹ̀. "Kí ni mo jẹ́?"

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá pàdé àgbà onírùngbọ̀n, kí lẹ óò ṣe? Ẹ óò dọ̀bálẹ̀! Ibẹ̀ gan-an ni ọgọ́rùn-ún ọdẹ ṣègbé sí. Àyà mi ku ìka kan kó kanlẹ̀ nígbà tí mo rántí kámẹ́rà. Mo tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì. Kí ni mo rí? Àtẹ́lẹsẹ̀ ẹranko! Mo fò dìde, mo ní, "O ò tó bẹ́ẹ̀, ìwọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin!" Mo ní:

Onírùngbọ̀n tí kò joyè,
Abìwo tí kò jagun rí,
Ajẹ-èèpo-iṣu má dúpẹ́,
Ẹni tí òórùn rẹ̀ ń kọ́kọ́ délé kó tó dé!

Ó ké tóòó, ìwo méjì hù lórí rẹ̀ tí wọ́n gún sánmà ní ihò. Ó kàn mí lẹ́ẹ̀kan, mo lọ sókè títí mo fi bá òṣùpá pàdé. Òṣùpá ní, "Ọdẹ́jìnmí, ṣé o ò ní jókòó?" Mo ní, "Rárá o, ìjà ni mo fi sílẹ̀ nísàlẹ̀." Ẹ̀yìn ẹranko náà ni mo balẹ̀ sí, mo mú un ní ìwo méjèèjì, mo sì gùn ún la ilẹ̀ méje já.

"Òbúkọ ni yẹn," Ọdẹ́gbàmí wí. Gbólóhùn kejì.

Gbogbo abẹ́ odán bú sẹ́rìn-ín. Ojú ò tì mí rárá. Mo ní, "Ẹ má dá a lóhùn. Ẹni tó rí ojú ẹsẹ̀ tí kò rí ẹsẹ̀, kí ló mọ̀ nípa ìwo?"

Bàbá Ògúnmọ́dẹdé fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán. Bí irọ́ bá rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a."

"Àṣẹ, Bàbá," mo wí, nítorí mo rò pé Ọdẹ́gbàmí ló ń bá wí.

Mo ní, lẹ́yìn ìyẹn, ẹranko náà sọ̀ mí kalẹ̀ ní Ìlú Adéfìlàpupa. Gbogbo ará ìlú náà ò ga ju ìka mi lọ. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń dúró, fìlà pupa ni gbogbo wọn dé, ọkùnrin wọn, obìnrin wọn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, n ò gbọ́. Mo kọjú kámẹ́rà sí wọn, àmì òdòdó yọ. Mo ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀: sún mọ́ wọn! Mo dojú bolẹ̀, mo fi imú kan ọba wọn. Ọba ní, "O kú oríire. Ẹni tó bá dúró gangan bá wa sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ la máa ń fọ́." Àní ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ kàn fara kan ìpéǹpéjú mi báyìí ni, mo sunkún tó kún ìṣà mẹ́ta. Ẹkún akin ni, ẹ má ṣe àṣìṣe.

Ọba ní òun yóò pa àlọ́ kan fún mi, pé bí n ò bá mọ̀ ọ́n, òun yóò gbìn mí síbẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan. Ó ní, "Kí ló tóbi bí òkè lókèèrè, tí a dé ìdí rẹ̀ tó tó ẹ̀kúnwọ́?" Kámẹ́rà pàápàá ò rí àmì kankan gbé jáde. Ṣùgbọ́n orí ọdẹ kì í ṣe orí ẹja. Mo ní, "Ìròyìn ogun ni!" Ọba ṣí fìlà, ó ní mo gbà á.

"Àti ìròyìn ọdẹ," Bàbá Ògúnmọ́dẹdé wí jẹ́jẹ́. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà rò pé ó dùn mí.

Ó wá ku Ọba igbó náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn, orí ni! Orí lásán, kò lọ́rùn, kò láyà, ó sùn sórí ẹní tó gbòòrò bí oko. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bí ihò àpáta. Bó bá fa èémí, ewé igi á wọlé sí i lẹ́nu. Bó bá tú u síta, ewé á padà sídìí igi, igi á tún gbà á. Ìró rẹ̀ ń mi ilẹ̀, gbùùrù, gbùùrù. Mo kọjú kámẹ́rà sí i. Àmì orí yọ, ó sì fi ìlà kékeré kan yí ojú náà ká. Mo yà á. Kámẹ́rà kọ̀! Ó ní ojú rẹ̀ pa dé, pé ṣé kí a tún un yà. Ẹ rí i, ẹ̀rọ yìí ò fẹ́ òfegè. Mo ní ó dáa, Ọba yìí gbọ́dọ̀ lajú. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá orí náà jà. Mo fà á létí, mo ta á ní ìkó, mo kí i ní oríkì láti àárọ̀ dalẹ́, títí ó fi lajú, tí ilẹ̀ sì mọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan.

Ó ní, "Ìwọ tí o mọ gbogbo wa, kí ni ìwọ jẹ́?"

Mo ní, "Olúọdẹ Òkè-Ìgbín ni mí."

Ó ní, "Mo ti mọ̀. Máa lọ. Ṣùgbọ́n ebi iná ń pa mí." Ló bá fa iná inú kámẹ́rà mu, ó sì gbé bátìrì rẹ̀ mì káló. Gbogbo àwòrán tí mo yà bá a lọ. Ìdí rèé, ẹ̀yin àgbà, tí ẹ ò fi lè rí wọn. Ẹ̀rí ti wà, Ọba ló jẹ ẹ̀rí. Ẹ gbé fìlà mi fún mi.

Bí mo ti wí bẹ́ẹ̀ tán, mo tẹ orí síwájú. Ẹ wo ojú àwọn èwe ọdẹ, gbogbo wọn ya ẹnu sílẹ̀. Bàbá Ògúnmọ́dẹdé gbé fìlà kúrò lórí orúnkún. Ó wò mí, ó wo Ọdẹ́gbàmí, ó tún wò mí. Fìlà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí irun mi wà. Mo ti ń gbọ́ òórùn awọ rẹ̀.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin bàbá." Múyìíbátù ni. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, báàgì wà léjìká rẹ̀. "Bàbá Ọdẹ, ẹ kú àbọ̀. Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀, mo ní ìsọmọlórúkọ láti yà lọ́la ni."

Mo bọ́ kámẹ́rà rẹ̀ kúrò lọ́rùn fún un. Ó ṣí ikùn kámẹ́rà, ó ní, "Bátìrì dà?"

"Ọba Orí gbé e mì," gbogbo àwọn èwe ọdẹ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ó dáa náà," Múyìíbátù wí, "mo ní òmíràn nínú báàgì."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ̀yin nìkan ni mo fẹ́ tú àṣírí yìí fún. Èmi ni mo yọ bátìrì yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí mo sọ ọ́ sódò, nítorí mo ti rò ó dáadáa pé bí nǹkan bá ní ẹ̀mí níbì kan, ibẹ̀ náà ni ìrántí rẹ̀ yóò máa gbé. Ta ni yóò rò pé ó yàtọ̀? Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní, "Ọmọ mi, fi òmíràn sí i. Àwòrán ti bá bátìrì lọ."

"Rárá o, Bàbá Ọdẹ. Àwòrán kì í gbé inú bátìrì. Inú káàdì tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ló ń gbé." Ó fi bátìrì tuntun sí i. Kámẹ́rà lajú.

Ó fi àkọ́kọ́ han Bàbá Ògúnmọ́dẹdé. Àgbà sún mọ́ ọn, ó fa ojú ro. "Kí lèyí?"

"Iyán ni, sà. Iyán àti ọbẹ̀ ata, ẹran sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wo igun ibí yìí, àmì àwo ló wà lórí rẹ̀. Kámẹ́rà ní oúnjẹ ni."

"Èéfín ń rú lórí rẹ̀," Bàbá wí. "Odò pupa yí i ká. Ọdẹ́jìnmí, òkè rẹ rèé?"

Mo ní, "Lókèèrè ni mo ti yà á, Bàbá."

Àwọn ọdẹ ti sún bò wá. Múyìíbátù tẹ̀ ẹ́ sí èkejì: òbúkọ tí wọ́n so mọ́ odó, ó ń jẹ èèpo iṣu, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹranko wà ní igun rẹ̀. Ẹ̀rín bú. Ìkẹta: ata tó pọ́n lórí ìdí rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, àmì òdòdó. Ẹnìkan kígbe pé, "Adéfìlàpupa rèé o! Ẹ kí kábíyèsí!" Mo ń dán ẹ̀rọ náà wò lásán ni nígbà náà, ṣé ẹ mọ̀, ọ̀nà wo ni mo fẹ́ gbà mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ ló ń fi pamọ́?

Ṣùgbọ́n ìkẹrin, èmi kọ́ ni mo yà á. Ìyá Ráfátù ló ní láti jẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní Abúlé Ìdí-Orógbó, níbi tí mo ti lo ọjọ́ méje náà. Orí mi ni. Mo sùn sórí ẹní, ẹnu mi là sílẹ̀ gbàgbàdà, iyán díẹ̀ ṣì wà nírùngbọ̀n mi, ìlà kékeré sì yí ojú mi ká.

"Kí ló kọ sísàlẹ̀ yẹn?" Bàbá béèrè.

Múyìíbátù fi ọwọ́ bo ẹnu kó tó lè sọ̀rọ̀. "Ó ní ojú ẹni tí a yà pa dé, sà. Ó ń béèrè bóyá kí a tún un yà."

Bàbá Ògúnmọ́dẹdé ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó rìn kọjá lára mi, ó dé fìlà náà fún Ọdẹ́gbàmí. Ó bá a mu, n ò lè purọ́. Ó wá na ọwọ́ sí mi. "Ọdẹ́jìnmí, ìbọn rẹ."

Mo gbé ìbọn lé e lọ́wọ́. Ọdẹ́gbàmí náà dìde. Àpò rẹ̀ yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, ó wúwo tó ọmọ màlúù, òkété gbígbẹ ló sì máa ń rùn. Ó nà án sí mi pẹ̀lú ojú tí kò rẹ́rìn-ín tí kò sì sunkún.

"Gba àpò mi," ó wí. Gbólóhùn kẹta.

Ọdún kan! Lẹ́yìn ẹni tí kì í sọ̀rọ̀! Ogun tó bá le, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀. Mo na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ gba àpò, mo sì yí padà, mo ki eré mọ́lẹ̀. Mo fo gbòǹgbò odán, mo fo ajá Ọdẹ́gbàmí, mo fo ọgbà ilé ìwé. Àwọn ọdẹ ń kígbe lẹ́yìn mi, "Ẹ mú un! Ẹ mú un!" Ohùn Múyìíbátù ló sì ga ju gbogbo wọn lọ:

"Ẹ dúró, Bàbá Ọdẹ! Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ̀ yín!"

Mo gbọ́ bọ́tìnnì. Ká!

"Ó ti mọ̀ wọ́n o!" ó kígbe. "Àmì asáré ló yọ!"

Ṣé ẹ gbọ́? Kò ní òpùrọ́ ni mí. Asáré ló pè mí, ẹ̀rọ tí kì í fẹ́ òfegè, lójú gbogbo ọdẹ Òkè-Ìgbín, ó sì wà nínú káàdì dòní. Ta ló ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ nínú yín? Ẹ sì fi orí jì mí nítorí àwọn ibi tí ìkọ̀wé mi ti wọ́. Orí ìsáré ni mo ti ń kọ ọ́.